Wọ́n Pè É ní Ìyá-Àgbà

Láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọn ni Ìyanuolúwa ti rí màmá rẹ̀ tí ó ń wọ géètì ilé ìwé bọ̀, tí ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí. Ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí ni. Màmá náà ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ bùbá àti ìró àdìrẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí èèyàn lè wọ̀ bo ojú. Ojú rẹ̀ dúdú ju ọrùn rẹ̀ lọ. Iwájú orí rẹ̀ ti hunjọ, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì sì rí bíi bébà tí wọ́n rún, tí wọ́n wá tẹ́ padà.

Husseinat, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì SS2 wọn, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀nà géètì.

"Ìyanu, ẹni tó ń bọ̀ yẹn ń wò ọ́ o. Ṣé ìyá-àgbà yín ni?"

Kò sí ìkà nínú ìbéèrè náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyanu ì bá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ìyá yòókù tí wọ́n ti jókòó, tí ojú wọn ń dán, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ dà bí ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ wọn. Ahọ́n rẹ̀ yọ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. "Ìyá màmá mi ni."

Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, màmá rẹ̀ ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní gbọ́. Husseinat kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Ìyá-àgbà."

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Husseinat. "Káàsán, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?" Ó wọlé, ó wá àga kan jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin, olùkọ́ kíláàsì náà, kò tíì rí i rí, nítorí bàbá Ìyanu ni ó máa ń wá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kí ìjọba tó gbé e lọ kọ́ni ní Ọ̀mù-Àrán, ìlú wọn. Nígbà tí ó pe orúkọ Ìyanuolúwa Adépọ̀jù, tí obìnrin náà dìde, olùkọ́ náà wò ó, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Ìyanu di etí tábìlì rẹ̀ mú.

"Rárá, sà," ni màmá rẹ̀ dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyá-àgbà rẹ̀ ni mí. Ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́."

"Kò burú, mà. Ẹ bá wa sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ já fáfá. Òun la yàn láti ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje àríyànjiyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Malete."

"Màá sọ fún un, sà. Inú rẹ̀ á dùn."

Orí Ìyanu kò gbé sókè mọ́ títí ìpàdé fi parí.

Abọ́sẹ̀dé Adépọ̀jù ni orúkọ màmá náà. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa darí ọkọ̀ ní oríta kan ní Táíwò Road, nílùú Ìlọrin, ọ̀kan lára àwọn tí aráàlú ń pè ní yẹ́lò fífà. Kí Ìyanu tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Láàárín oríta ni ó máa ń dúró, tí oòrùn á máa pa á láti òkè, tí ooru ọ̀dà á máa hó bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tí èéfín ọkọ̀ á sì máa fẹ́ sí i lójú. Fìlà tí wọ́n fún un bo irun rẹ̀ nìkan. Nǹkan kan kò bo ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyanu ń retí kí ó bínú. Kò bínú. Ó gbé oúnjẹ ka iwájú ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì béèrè ohun tí àríyànjiyàn náà dá lé lórí. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìyá-àgbà rárá. Ìyanu ì bá fẹ́ kí ó gbá òun létí. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ yẹn jókòó sáàárín àwọn méjèèjì bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Ó yẹ kí ìtìjú yẹn sún un tọrọ ìdáríjì. Ìbẹ̀rù ni ó bí. Ó lọ dúró níwájú dígí, ó ń wo ara rẹ̀. Àtìgbà tí ó ti wà ní kékeré ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé ó jọ màmá rẹ̀ bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni. Iwájú orí kan náà ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni. Ó fi ìka tẹ abẹ́ ojú rẹ̀. "Bí tèmi náà ṣe máa rí nìyẹn," ni ó ń wí nínú ara rẹ̀. "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Hadiyyah. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ilé wọn kò sì jìnnà síra ní Tánkẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Hadiyyah ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Malete, ó sì máa ń po ìpara fún títà nínú yàrá tí ó gbà síbẹ̀. Ó máa ń rọ ọ́ sínú ike kékeré tí kò ní orúkọ lára. Bí wọ́n ṣe ń ti iléèwé bọ̀ lọ́jọ́ kejì ìpàdé náà, Hadiyyah yọ ike kan jáde nínú báàgì.

"Ohun tí mo ń lò nìyí. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, awọ rẹ̀ kò ní gbó láé. Wallahi, wo ojú mi."

Òótọ́ ni, ojú Hadiyyah ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kí ni wọ́n fi pò ó?" ni Ìyanu béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?" Hadiyyah rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún Husseinat lánàá. Mi ò tú ọ láṣìírí, mo kàn dákẹ́ ni. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí tìẹ náà rí bẹ́ẹ̀."

Ìyanu gba ike náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irorẹ́ iwájú orí rẹ̀ pòórá. Ojú rẹ̀ mọ́, ó rọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń yẹ́ ẹ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá rẹ̀ dúró wò ó bí ó ṣe ń di okùn bàtà.

"Ìyanu, kí lo ń fi para lójú?"

"Bàsìlíìnì ni, Mọ́mì."

Màmá rẹ̀ wò ó sí i, ó mi orí, ó sì mú fìlà rẹ̀. Irọ́ kejì nìyẹn. Irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń wá ẹnìkejì.

Nígbà tí oṣù Kejì mú oòrùn rẹ̀ dé, nǹkan yí padà. Bí wọ́n bá tò fún àdúrà àárọ̀, ojú Ìyanu á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, àwọn iṣan tín-ínrín sì ń hàn lábẹ́ awọ. Ó gbìyànjú láti dáwọ́ ìpara náà dúró, ṣùgbọ́n irorẹ́ tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì ń yún un tí kò lè sùn. Ni ó bá padà sí i, ó tilẹ̀ ń pa á nípọn sí i. Àtíkè ni ó fi ń bo àbùkù rẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin kó Ìyanu, Husseinat tí wọ́n mú ṣe igbákejì rẹ̀, àti àwọn mẹ́ta mìíràn sínú ọkọ̀ ilé ìwé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Ìyanu jókòó sí, oòrùn sì tẹ̀ lé wọn láti Ìlọrin dé Malete. Ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi ata rodo pa lójú. Nínú gbọ̀ngàn, nígbà tí wọ́n dárúkọ ilé ìwé wọn, ó dìde, ó rìn dé iwájú, ó sì la ẹnu. Ojú rẹ̀ ti wú débi pé apá òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Omi ń jáde níbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ́ sórí lọ́jọ́ tó pẹ́ fò lọ pátápátá.

Olùkọ́ rẹ̀ wá mú un lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Husseinat ni ó bọ́ síwájú dípò rẹ̀. Ó ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò wọ ìpele tó kàn.

Wọ́n gbé Ìyanu padà sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin mú fóònù rẹ̀ dání.

"Ta ni kí n pè? Ṣé ìyá rẹ ni, tàbí ìyá-àgbà rẹ?"

Ìyanu wo ilẹ̀. "Nọ́ńbà kan náà ni, sà."

Olùkọ́ náà kò lóye rẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà tí ó kà fún un. Kò pẹ́ tí màmá Ìyanu fi dé tòun ti aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú eruku oríta ní bàtà rẹ̀, tí ó ń mí gúlegúle. Dókítà tí ó ń tọ́jú Ìyanu, obìnrin kan tí ń jẹ́ Dókítà Ayọ̀díjí, fa àga fún un.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní ṣe ọmọ-ọmọ yín ní nǹkan."

Màmá náà wo olùkọ́ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣé o, Dókítà. Ìyá rẹ̀..."

"Màmá mi ni, mà," ni Ìyanu wí. "Àwọn ló bí mi. Èmi ni mo parọ́ níléèwé pé ìyá-àgbà mi ni wọ́n, wọ́n sì bò mí láṣìírí. Ẹ má bò mí mọ́, Mọ́mì."

Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Lẹ́yìn náà ni ó rọra jáde.

Dókítà béèrè ohun tí Ìyanu ń fi para. Ìyanu yọ ike náà nínú báàgì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rù tí ń bà á pé ojú òun yóò hunjọ bíi ti màmá òun. Dókítà ṣí ike náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dé e padà.

"Irú èyí pọ̀ nígboro. Bí mo ṣe ń wo ojú rẹ yìí, wọ́n po oògùn líle mọ́ ọn. A máa ń fún ẹni tí awọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nírú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi í para ní gbogbo ìgbà, ńṣe ni awọ ojú rẹ̀ á máa fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Oòrùn á wá rí ọ̀nà wọlé. O ń sá fún ogbó, ìwọ fúnra rẹ lo sì ń lọ pè é wá."

"Ṣé èmi ni mo ràn án?" ni màmá rẹ̀ béèrè. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ìbéèrè náà ti wà lọ́kàn rẹ̀. "Bí mo ṣe rí yìí, ṣé ó máa ń ran ọmọ?"

Dókítà wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè. Ẹ jẹ́ kí a rí abẹ́ apá yín."

Màmá náà lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ká a. Abẹ́ apá rẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé, pọ́n, ó jọ̀lọ̀, kò ní ìlà kankan. Ó dà bí apá ọmọge.

"Ìyanu, wá fọwọ́ kàn án."

Ìyanu fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀, ó sì móoru. Àfi bí ẹni pé ó ń pàdé ẹnì kan tí kò mọ̀ rí nínú ilé tí ó ti ń gbé láti kékeré.

"Ọjọ́ orí màmá rẹ nìyẹn," ni Dókítà wí. "Èyí tó wà lójú wọn, oòrùn àti èéfín oríta ló kọ ọ́ síbẹ̀. Lóòótọ́, èèyàn lè jogún bí awọ rẹ̀ ṣe máa tètè gbó sí, ṣùgbọ́n ohun tí awọ náà ń rí lójoojúmọ́ ló pọ̀ jù. Ẹ wò mí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Màmá ni mò ń pè yín látàárọ̀, ó sì dá mi lójú pé mo jù yín lọ."

"Abẹ́ òrùlé lẹ̀ ń ṣiṣẹ́, Dókítà," ni màmá Ìyanu dáhùn. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Dókítà fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. "Òótọ́ lẹ sọ. Òjìji tí mo wà ló ràn mí lọ́wọ́, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tí kò ní òjìji wá a. Awọ dúdú wa ní agboòrùn tirẹ̀ lára, ṣùgbọ́n agboòrùn yẹn kò tó fún ẹni tó ń dúró lójú títì láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́."

Ó kọ oògùn fún Ìyanu, ó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe fi ìpara náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú, nítorí bí ó bá já a lójijì, ojú rẹ̀ yóò tún wú. Ó ní kí ó fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú, kí ó má fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo ó, kí ó má sì fún irorẹ́. Kí ó máa pa ìpara tí ń dènà oòrùn kí ó tó jáde. Kí ó sùn dáadáa, kí ó mu omi, kí ó jẹ ẹ̀fọ́ àti èso.

"Ṣé ojú mi máa padà, mà?"

"Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa padà. Ṣùgbọ́n o ní láti ṣe sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyanu kúnlẹ̀ síwájú màmá rẹ̀ kí ó tó bọ́ bàtà.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Kí ló dé tí ẹ ò já mi ní irọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Màmá rẹ̀ jókòó. "Níwájú gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ? Ojú ti ń tì ọ́ tẹ́lẹ̀, mo rí i. Mi ò fẹ́ dá kún un." Ó mú fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí orúnkún. "Ṣùgbọ́n ó dùn mí o, Ìyanu. Mi ò ní tàn ọ́. Nígbà tí mo padà sí oríta, mo ń darí ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé èéfín ni. Ojú yìí ló sanwó iléèwé rẹ. Mi ò fẹ́ kí tìẹ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o kórìíra rẹ̀."

Ìyanu gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sunkún. Màmá rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Ó kàn ń fọwọ́ pa á lórí.

Ní iléèwé, Ìyanu sọ òtítọ́ fún Husseinat. Husseinat ní ó ti yé òun ní Malete, nígbà tí olùkọ́ wọn padà wá kó àwọn yòókù, tí ó pe obìnrin náà ní màmá Ìyanu. Hadiyyah ní tirẹ̀ kò gbà. "Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n lò," ni ó wí, ó sì dáwọ́ kíkí Ìyanu dúró. Àwọn mìíràn ń fi Ìyanu rẹ́rìn-ín nítorí àwọn àbààwọ́n dúdú tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fara dà á. Àwọn àgbà ní a ń purọ́ níyì, ẹ̀tẹ́ ní í kángun rẹ̀.

Oṣù púpọ̀ kọjá kí àwọn àbààwọ́n náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ di òní. Màmá rẹ̀ pẹ̀lú yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé kí ó máa dé fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sì máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí oòrùn bá kanrí, kí ọ̀kan lè sinmi lábẹ́ igi. Ojú rẹ̀ kò padà di ti ọmọge. Ṣùgbọ́n kò burú sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Hadiyyah kanlẹ̀kùn wọn. Ó fi hìjáábù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé imú, abẹ́ ojú rẹ̀ tó hàn sì ti wú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn wo lẹ lọ?" ni ó béèrè níkẹyìn.

Ìyanu kò bi í ní nǹkan kan. Ó wọlé lọ mú bàtà rẹ̀, ó sì bá a lọ.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, ọkọ̀ wọn gba Táíwò Road kọjá. Màmá Ìyanu wà láàárín oríta. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti apá ọ̀dọ̀ wọn sì dúró, ńlá àti kékeré, títí àwọn ọmọ iléèwé fi ré títì kọjá. Ìyanu yọ orí lójú fèrèsé. "Màmá mi nìyẹn," ni ó wí fún obìnrin tí ó jókòó tì í, tí kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, awọ ara kì í gbàgbé ohun tí a fi ṣe é nígbà èwe. Ìpara tí kò lórúkọ kò lè ra ẹwà fún ẹnikẹ́ni. Fìlà, òjìji, oorun tó tó àti sùúrù ni ẹ fi tọ́jú tiyín láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá sì rí ìlà lójú òbí yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó kọ ọ́ síbẹ̀.